Fọ́tò ẹbí lọ́jọ́ Kérésìmesì: lẹ́ẹ̀sì ń funfun jù, ojú èèyàn ń dúdú. Kí ni ká ṣe?

Ọmọlará_Ìbàdàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Èèyàn 26 ni yóò pé jọ sílé ìyá àgbà wa n'Íbàdàn lọ́jọ́ Kérésìmesì. Lẹ́ẹ̀sì funfun ni aṣọ ẹbí, pẹ̀lú gèlè aṣọ-òkè aláwọ̀ wáìnì. Fóònù la ó fi yà á, àmọ́ àbúrò mi lè mú kámẹ́rà kan wá. Ohun tó máa ń bàjẹ́ nìyí: ojú á dúdú, iṣẹ́ ara lẹ́ẹ̀sì á pòórá, àwọn tó wà létí á fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fà lára, kò sì ní sí ẹyọ kan tí gbogbo ojú là nínú rẹ̀. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá_Lẹ́ńsì

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, Ọmọlará. Ibi tí ẹ máa dúró sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má tíì mú fóònù dání.

Aago kan tí ẹ dárúkọ yẹn ló ń fa ìdajì wàhálà náà. Lóṣù Ọ̀pẹ, nǹkan bí aago 12:45 ni oòrùn máa ń ga jù n'Íbàdàn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá báyẹn, orí àti èjìká ló ń bà lé. Ihò ojú, abẹ́ imú àti abẹ́ gèlè á ṣókùnkùn. Tí ẹ bá lè mú sùúrù, ẹ jẹun ná, kí ẹ yà á láàárín aago 4:00 sí 6:00 ìrọ̀lẹ́. Oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí 6:40, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá mú, eruku ojú ọ̀run á ti gbé e mì kí ó tó kanlẹ̀, nítorí náà ẹ má fi í falẹ̀ kọjá 6:15.

Tó bá wá di dandan pé ọ̀sán ni, ẹ lọ sí ìhà àríwá ilé. Lóṣù Ọ̀pẹ, apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá lọ́dọ̀ wa, ìhà àríwá ilé sì máa ń wà ní ibòji lọ́sàn-án gangan. Ẹ kíyè sí bí ibòji náà ṣe fẹ̀ tó. Ilé ilẹ̀ tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 3 àbọ̀ kì í ta ibòji ju mítà 2 lọ lásìkò yẹn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan á ta tó mítà 4. Èèyàn 26 tí a tò ní ìlà mẹ́rin gbà tó mítà 2 àbọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, nítorí náà ibòji ilé ilẹ̀ kò ní gbà yín lọ́sàn-án: ìlà iwájú á wà nínú oòrùn, ìlà ẹ̀yìn á wà nínú òkùnkùn, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ibòji ti yí sí ìhà ìlà-oòrùn ilé, ó sì ti fẹ̀ ju mítà 4 lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín.

Ẹ tò wọ́n sínú ibòji náà, kí ojú wọn kọ síbi tí sánmà ti ṣí sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ ìlà iwájú fi ìdajì mítà jìnnà sí etí oòrùn.

Abẹ́ igi máńgòrò máa ń tan èèyàn. Àárín ewé ń da oòrùn sílẹ̀ ní tótòtó. Ẹnì kan á ní àmì funfun lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹlòmíràn á ní in níwájú orí. Ẹ tún wo ohun tó kọjú sí yín. Ògiri funfun tàbí aláwọ̀ ìpara tó wà níwájú yín á da ìmọ́lẹ̀ padà sójú, ó dára púpọ̀. Fẹ́ǹsì pupa tàbí ewé tó pọ̀ á kun gbogbo lẹ́ẹ̀sì yín ní àwọ̀ tirẹ̀.

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ibòji. Ẹ jẹ́ kí n mú ti lẹ́ẹ̀sì.

Kámẹ́rà kò mọ̀ pé aṣọ funfun ni òun ń wò. Ó kàn ń wọn ìmọ́lẹ̀ gbogbo ojú àwòrán, ó sì fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ bọ́ sí àárín méjì, kó má funfun, kó má dúdú. Tí lẹ́ẹ̀sì funfun ènìyàn 26 bá wá gba ojú àwòrán, á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Ojú yín ló ń san gbèsè náà. Tí ẹ bá wá gbé ìmọ́lẹ̀ sókè láìsọ́ra, lẹ́ẹ̀sì á di pẹlẹbẹ bí bébà.

Lórí fóònù, ẹ fi ìka kan ojú ẹni tó dúdú jù ní ìlà àárín, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá 2 títí àmì ìtìpa yóò fi yọ (lórí iPhone, ọ̀rọ̀ AE/AF LOCK ló máa jáde lókè). Àmì oòrùn kékeré á hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú yóò fi rí bí ẹ ṣe ń rí i níwájú yín. Ẹ ya ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ tóbi, kí ẹ wo èjìká ẹni tó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ jù: ṣé ihò lẹ́ẹ̀sì ṣì hàn? Tí kò bá hàn, ẹ fa oòrùn náà padà sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún yà. Ojú tó dúdú díẹ̀ ṣeé gbé sókè lẹ́yìn tí ẹ bá yà á tán. Lẹ́ẹ̀sì tó ti funfun kọjá ààlà kò ní padà, torí kò sí ohunkóhun tí kámẹ́rà kọ sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ tan HDR (ètò fóònù tó ń pa àwòrán mélòó kan pọ̀ kí ibi tó mọ́ àti ibi tó dúdú lè hàn pọ̀), kí ẹ má sì fi sánmà ṣe ẹ̀yìn àwòrán, torí òun náà á fa kámẹ́rà lọ síbi tí lẹ́ẹ̀sì ń fà á lọ.

Ní ti kámẹ́rà àbúrò yín: RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀, tó ṣeé tún ṣe dáadáa) ni kí ó fi yà á. Nínú ibòji aago mẹ́rin, f/8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó; nọ́ńbà kékeré ló ṣí jù), 1/250 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) àti ISO 400 (bó ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó má lọ f/1.8 nítorí pé ẹ̀yìn á rí múlọ́múlọ́. Lẹ́ńsì 50mm lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí ojú ìgbàwòrán rẹ̀ tóbi tó ti fíìmù 35mm), láti mítà 4, kò mú ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 70 lọ ketekete ní f/1.8, ìlà mẹ́rin yín kò lè bọ́ sínú rẹ̀. Ní f/8, láti nǹkan bí mítà 2.9 dé 6.5 ló máa mọ́ kedere.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tí fóònù ń pè ní Beauty. Ó ń bó àwọ̀ ara, ó sì ń fọ ilà ojú àwọn àgbà nù, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ọjọ́ orí kọ síbẹ̀. Ìyá àgbà á wá dà bí ẹni tí a kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ dúdú àti kámẹ́rà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láyé fíìmù, káàdì tí ilé iṣẹ́ fíìmù Kodak fún àwọn ilé ìfọ́tò láti fi ṣe ìwọ̀n àwọ̀, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀; Shirley ni wọ́n ń pè é. Ó di àwọn ọdún 1990 kí káàdì tó ní ènìyàn dúdú pẹ̀lú ènìyàn funfun tó jáde. Ní 2021 ni Google gbé Real Tone (ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà mú àwọ̀ dúdú bó ṣe rí) jáde lórí fóònù Pixel 6 nítorí ọ̀rọ̀ kan náà. Fóònù ti dára sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú yín sílẹ̀ fún un.

Kọ́lá_Abẹ́òkúta

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Tí àwọn kan bá pupa tí àwọn kan sì dúdú gan-an nínú ẹbí kan náà ńkọ́?

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Kọ́lá, ẹ fi àwọn tó dúdú sí apá ibi tí sánmà ti ṣí jù, kí àwọn tó pupa sún sí ìhà ògiri. Ojú ẹni tó dúdú ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní pọ́ńdà tó mọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Tí fíláàṣì bá bà á, á di eérú. Tí òrí tàbí ìpara bá ń dán jù níwájú orí, ẹ fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má nù ún gbẹ. Dídán díẹ̀ ló ń jẹ́ kí ojú dúdú ní ìrísí.

Akin_Ìlá

Ẹ jẹ́ kí n bá yín tò wọ́n, torí bí ìmọ́lẹ̀ bá dára tí ìjókòó bá burú, àwọn àgbà kò ní gbé fọ́tò náà kọ́ sí pàlọ̀.

Ọmọdé 4 lórí ẹní. Àga 6 lẹ́yìn wọn. Ènìyàn 8 á dúró lẹ́yìn àga, 8 á dúró lórí bẹ́ǹṣì tàbí àtẹ̀gùn lẹ́yìn wọn. Ó pé 26. Kí bẹ́ǹṣì náà ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó sì lágbára. Ẹ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí àwọn tó dúró yí èjìká díẹ̀ sí àárín, kí èjìká ẹnì kan wọ ẹ̀yìn ti ẹnì kejì. Báyẹn, ènìyàn 8 kò ní gbà ju mítà 3 àbọ̀ sí 4 lọ.

Ìyá àgbà ní àárín, lórí àga tó ní apá, tí kò rì. Sófà kò dára: ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rì, orúnkún á ga ju ikùn lọ, ìró á ká sókè. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí itan, kí ojú kọ sí kámẹ́rà tààrà, kí ìpèlé àti gbogbo aṣọ hàn títí dé bàtà. Ìjókòó ọlá nìyẹn, òun sì ni àwọn àgbà wa ń retí nínú fọ́tò. Ẹ má gé ẹsẹ̀ àgbà kúrò nínú àwòrán.

Gèlè ni ó ń ba ìlà jẹ́ jù. Ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, nítorí náà ẹ má fi ẹni kúkúrú sẹ́yìn gèlè. Ẹ tò wọ́n ní ṣíṣí-ṣíṣí, kí orí ẹni ẹ̀yìn yọ láàárín orí ẹni méjì tó wà níwájú. Kí wọ́n wé gèlè sẹ́yìn díẹ̀ kí iwájú orí hàn, kí wọ́n sì gbé àgbọ̀n sókè bí ìwọ̀n ìka kan.

Ẹ ya ìyá àgbà kọ́kọ́, kó tó rẹ̀ wọ́n. Kí ẹnì kan kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ sórí bébà: ìyá nìkan, ìyá àti àwọn ọmọ, ìyá àti àwọn ọmọ-ọmọ, ìyá àti àwọn ìyàwó ilé, lẹ́yìn náà ẹbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú bébà ni kó máa pe orúkọ. Ẹni tó ń yàwòrán kò gbọ́dọ̀ fi ìyẹn kún iṣẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí bàbá àgbà tó ti lọ wà níbẹ̀, kí ẹnì kan gbé fọ́tò wọn dání, kí ó tẹ òkè férémù náà síwájú díẹ̀ kí gíláàsì má bàa da sánmà padà sínú kámẹ́rà. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀.

Bàbá_Lẹ́ńsì

Akin, o ṣeun. Mo fi èyí kún un fún àwọn tó ń fẹ̀ létí. Lẹ́ńsì 0.5x (èyí tó ń mú ibi tó fẹ̀ jù lórí fóònù) ló fà á. Ó ń na ohun tó bá wà létí àwòrán, ó sì ń jẹ́ kí ẹni iwájú tóbi ju ẹni ẹ̀yìn lọ. Ẹ lo 1x (lẹ́ńsì gangan tí fóònù fi ń bẹ̀rẹ̀), kí ẹ dúró ní mítà 4 àbọ̀ sí 5 sí ìlà àárín, kí àyè ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Láti mítà 4, lẹ́ńsì 1x ọ̀pọ̀ fóònù ń mú tó mítà 5 àbọ̀ ní fífẹ̀. Tí àgbàlá bá gbà yín, ẹ lọ sẹ́yìn tó mítà 8 kí ẹ lo 2x, ojú á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé fóònù sí ìwọ̀n àyà ẹni tó dúró, bíi mítà 1.4. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, ihò imú àti ikùn lẹ ó máa rí.

Tọ́lá_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ìjókòó ọlá dára, ṣùgbọ́n tí gbogbo fọ́tò ọdún bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kò ní rí ara wọn nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń fún ọmọ-ọmọ ní ẹran, ọwọ́ tó ń so gèlè, àwọn tó yí ìkòkò ìrẹsì ká: èyí náà yẹ kó wà níbẹ̀. Fún irú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ìwọ̀n ojú ọmọ, kí ẹ lo 1/250 ó kéré tán, torí ọmọ tó ń sáré á di fọ̀ọ̀fọ̀ọ̀ ní 1/60.

Ìbéèrè mi ni ti àwa tó wà nílùú òyìnbó. Ní London, kí aago mẹ́rin tó lù lọ́jọ́ Kérésìmesì oòrùn ti wọ̀, inú ilé la wà. Fọ́tò wa máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nígbà míì ìlà dúdú-dúdú á gba àárín rẹ̀ kọjá.

Akin_Ìlá

Tọ́lá, mo gbà. Kí fọ́tò ọlá ṣáájú, kí ti àárín eré tẹ̀ lé e. Àgbà tí a bá kọ́kọ́ fún ní ìjókòó rẹ̀ á gbà kí ẹ máa yà á bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má yí i padà.

Àdùkẹ́_Ayàwòrán

Tọ́lá, àwọ̀ méjì ló ń jà nínú pàlọ̀ yín: ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ní àwọ̀ búlúù, ti búlúùbù sì pọ́n. Kámẹ́rà kò lè sin àwọn méjèèjì. Tó bá jẹ́ láàárín aago 11 sí 2, ẹ pa gbogbo búlúùbù, ẹ ṣí kọ́tìnnì, kí àwọn ènìyàn dúró ní mítà 1 sí 2 sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn. Ẹ má fi fèrèsé sẹ́yìn wọn. Ìdúró ìyá àti ọmọ méjì-mẹ́ta ni èyí dára fún. Kò gba èèyàn 26.

Ìlà dúdú yẹn, iná ló ń fà á. Iná ìjọba ní Bìrìtìkó àti ní Nàìjíríà ń lù ní ìwọ̀n 50 Hz (ìgbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan), búlúùbù LED olówó pọ́ọ́kú sì ń tàn, ó ń kú, ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100, á lọ. Ní Amẹ́ríkà tí tiwọn jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120.

Tí ẹ bá fẹ́ kí igi Kérésìmesì hàn, kí ènìyàn dúró ní mítà 1 àbọ̀ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú iná mìíràn lójú wọn. Iná igi nìkan kò lè tan ojú dúdú.

Ṣadé_Òṣogbo

Tó bá di alẹ́ lọ́dọ̀ wa, tí iná lọ, ẹ má tan fíláàṣì fóònù sí gbogbo ẹbí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ara ẹni tó wà ní mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ péré ló ń dé ara ẹni tó wà ní mítà 4. Ìlà iwájú á funfun bí ẹfun, ìlà ẹ̀yìn á sọnù. Ẹ gbé làńtà oníbátìrì méjì, kí ẹ kọ ojú wọn sí àjà tàbí ògiri funfun, kí ìmọ́lẹ̀ wọn padà sára ènìyàn. Night mode (ètò fóònù fún yíya àwòrán lálẹ́) ń gba ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 3, fún àwọn tó lè dúró gbagidi nìkan. Ọmọ ọdún méjì kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Kí ẹ sì nu ojú lẹ́ńsì! Ọwọ́ tó ti di ẹran díndín mú ló ń di fóònù mú lọ́jọ́ ọdún. Òróró yẹn ló ń fi kùrukùru yí iná ká, tí àwọn ènìyàn ń rò pé fóònù ti bàjẹ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò kí ẹ tó fi òwú mímọ́ nù ún, torí yanrìn tó wà nínú rẹ̀ ń họ gíláàsì.

Kọ́lá_Abẹ́òkúta

Ojú tó ń pa dé ńkọ́? Ẹni tó ń yàwòrán náà ńkọ́, ṣé kò ní wà nínú fọ́tò ni?

Bàbá_Lẹ́ńsì

Ẹ ní kí gbogbo wọn pa ojú dé. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ní ẹ̀ta kí wọ́n là á, kí ẹ sì yà. Ẹ ya ẹyọ 12 sí 15 fún èèyàn 26, ẹ má dúró ní mẹ́ta.

Fún ẹni tó ń yàwòrán: fóònù lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí àkókò ìdúró jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti iwájú. Ẹ ti fi àga òfo sí etí ìlà fún un, kó má bàa sáré kọjá níwájú ìyá àgbà.

Ṣadé_Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ jáde: ẹ má gbé èyí tó gba orí WhatsApp kọjá lọ sí ilé ìtẹ̀fọ́tò. WhatsApp máa ń gé e kéré. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tóbi, kò ní mọ́ kedere. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, á dé odindi. Fọ́tò megapixel 12, ìyẹn píksẹ́lì (ojú àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 4000 sí 3000, á tẹ ínǹṣì 8 sí 10 dáadáa.

Ohun kan tún wà tó ń gé gèlè. Fọ́tò fóònù jẹ́ 4:3 (fífẹ̀ sí gíga), bébà ínǹṣì 4 sí 6 jẹ́ 3:2. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gíga rẹ̀ á lọ, láti òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè àti nísàlẹ̀ bàtà nígbà tí ẹ bá ń yà á.

Ọmọlará_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà, Olúwa á jẹ́ ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Ètò wa nìyí: oúnjẹ ní aago kan àbọ̀, aago mẹ́rin ni ìyá àgbà máa jókòó sí ìhà ìlà-oòrùn ilé, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tẹ̀ lé e, gbogbo ẹbí ní aago márùn-ún. Mo ti ní bébà orúkọ. Bẹ́ǹṣì méjì la ó yá.

Bàbá_Lẹ́ńsì

Ó dára, àmọ́ ẹ ṣe àtúnṣe kan: kí gbogbo ẹbí ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Lẹ́yìn ti ìyá àgbà nìkan, ẹ ya èèyàn 26 ní aago 4:20, nígbà tí gèlè ṣì dúró tí àwọn ọmọdé kò tíì sùn. Lọ́jọ́ 24, ní aago mẹ́rin, ẹ lọ dúró síbẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ níbi tí ibòji parí sí. Bó bá rí lọ́jọ́ náà ló máa rí lọ́jọ́ kejì.